Oríkì Atàtúngbà

Mo júbà kí n tó la ẹnu kì ọ́.
Mo júbà Jerry Lawson, ọmọ adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà,
ẹnjiníà tó ṣíwájú àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ Channel F lọ́dún 1976,
tí wọ́n kó kóòdù géèmù sínú kásẹ́ẹ̀tì kékeré
tí ọmọdé lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ, kó fi òmíràn rọ́pò.
Ìgbà náà ni kóòdù géèmù di ẹrù tí à ń rà lọ́jà, tí à ń gbé délé,
tí à ń yá ọ̀rẹ́, tí ẹ̀gbọ́n ń fi sílẹ̀ fún àbúrò.
Mo júbà àwọn tó ń kọ kóòdù mọ́jú,
àwọn tó ń ya ewé igi lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ,
àwọn tó ń lu ìlù sí ẹsẹ̀ akọni tí kò tẹ ilẹ̀ rí.
Kí ìbà wọn ṣẹ.
Wàyí o, ó kàn ọ́, Atàtúngbà,
ìwọ tó jókòó lé iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Atàtúngbà, ọkọ oníbàárà,
A-ta-ewúrẹ́-tán-tún-di-okùn-mú,
A-gbowó-níwájú-ilé-gba-ọjà-lẹ́yìnkùlé,
A-kọ-àdéhùn-tí-ẹnìkan-kì-í-kà-dópin.
Ẹni tí kò yẹ ní kíkì, ìṣe ọwọ́ rẹ̀ la fi ń kì í.
Gbogbo orúkọ tí mo bá pè ọ́ lónìí, o ṣiṣẹ́ gbà á ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí ayé mọ̀ jù. Lóṣù Kejìlá ọdún 2014 ni Ubisoft, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò márùn-ún nínú ìdílé Guillemot dá sílẹ̀ lọ́dún 1986, gbé The Crew jáde. Géèmù ìwakọ̀ ni. Wọ́n ya gbogbo Amẹ́ríkà ní kékeré sínú rẹ̀. Èèyàn lè gbéra ní New York, kó la àárín ìlú kọjá, kó gba aginjù, kó gun òkè oníyìnyín, kó sì dé Los Angeles láìdúró lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan wà tí wọn kì í bá ẹnikẹ́ni díje nínú rẹ̀. Wọ́n á ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á mú pádì, wọ́n á kàn máa wakọ̀ lọ títí ara á fi balẹ̀. Síbẹ̀, bó o dá nìkan wà nínú ọkọ̀ rẹ, géèmù náà kò ní ṣí bí kò bá kọ́kọ́ bá server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 2023 wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024 wọ́n pa server. Kò pẹ́ sí i, wọ́n bọ́ sínú àkáǹtì àwọn tó ti sanwó, wọ́n sì gba àṣẹ ìlò rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ra síìdì rẹ̀ nínú páálí, tó tọ́jú rẹ̀ débi pé nǹkan kan ò ha á, ike lásán ló kù sí i lọ́wọ́.

O kú iṣẹ́ o, Atàtúngbà.
Ọ̀nà tó gba New York já sí Los Angeles, o ká a nílẹ̀ lóòjọ́.
O pa òṣùpá, o pa iná ojú títì,
ọkọ̀ tí wọ́n fọdún tọ́jú, o sọ ọ́ di àwátì.
Ikú pa ọkọ̀, awakọ̀ wà láàyè,
ó mú pádì lọ́wọ́, kò rọ́nà lọ.
Apa-ọjà-ọlọ́jà,
A-sin-òkú-tí-kì-í-ṣe-tirẹ̀.
Àwọn oníbàárà méjì gbé ọ lọ sílé ẹjọ́ ní California lóṣù Kọkànlá ọdún 2024,
o ní àṣẹ ìlò ni wọ́n rà, o ní wọn ò ra géèmù.
Owó tí wọ́n san ńkọ́, ṣé o yá a lọ́wọ́ wọn ni?

Ìjọba California ti rí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, gómìnà wọn fọwọ́ sí òfin pé ẹni tó bá ń ta irú ọjà yìí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere fún oníbàárà pé àṣẹ ìlò tó ṣeé gbà padà ló ń sanwó fún. Òfin náà dára. Kò dá géèmù ẹnikẹ́ni padà.

Kí ẹ lè rí bí ọjà tó jẹ́ ti ẹni ṣe ń rí, mo fẹ́ kí ẹ bá mi yà ní ilé géèmù kan ní Mushin l'Ékòó, tàbí ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn. Yàrá kékeré ni, bẹ́ǹṣì onípákó, tẹlifíṣọ̀n bíi mélòó kan, ẹ̀rọ PS2 tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù. Ẹni tí wọ́n bá nà, á dìde, ẹni tó nà á á jókòó de ẹlòmíràn, àwọn tó ń retí á tò sẹ́yìn pẹ̀lú owó lọ́wọ́, wọ́n á máa pariwo bó ṣe yẹ kó gbá a. Bí síìdì Winning Eleven, géèmù bọ́ọ̀lù, bá há, onílé géèmù á yọ ọ́, á mí èémí gbígbóná sí i lójú, á fi etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù ún láti àárín bọ̀ wá sí etí. Kì í nù ún yípo, nítorí ó mọ̀ pé ìnùyípo ló ń ba ojú síìdì jẹ́. Á dá a padà sínú ẹ̀rọ, á fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, pápá á yọ, ariwo á sọ. Ẹ̀rọ yẹn kì í bèèrè dátà. Kì í kọ́kọ́ pe Japan kó tó jẹ́ kí ọmọ Mushin gbá bọ́ọ̀lù. Bí NEPA bá mú iná lọ, wọ́n á fa jẹnẹrétọ̀, géèmù á tún máa lọ. Ọdún 2000 ni PS2 jáde. Ẹ bá mi ka iye ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ fáwọn èèyàn.

Àdàkọ ni ọ̀pọ̀ nínú síìdì wọ̀nyẹn, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Ẹni tó jókòó kọ kóòdù géèmù náà ní Tokyo kò rí kọ́bọ̀ kan nínú owó tí wọ́n ń gbà lórí bẹ́ǹṣì, ìyẹn kò sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ibi tí Atàtúngbà bá wa dé rèé: ẹni tó lọ sọ́jà, tó san owó pípé, tó gba ojúlówó The Crew, kò ní nǹkan kan mọ́. Ẹni tó ra àdàkọ Winning Eleven lábẹ́ afárá ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ta ló fi ìyà jẹ olóòótọ́? Ta ló wá sọ ọ́ di pé olè ló ń jèrè ìfaradà ọjà? Mi ò rí ilé-iṣẹ́ kan tó dáhùn ìbéèrè yìí bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ àwọn kan náà ló ń pariwo jù pé wọ́n ń jí àwọn níṣẹ́.

Winning Eleven yẹn kan náà ni PES, Konami ló ni ín. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 wọ́n pa orúkọ náà rẹ́, wọ́n gbé eFootball jáde. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò tíì parí. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ́ débi pé ìyá wọn ò ní dá wọn mọ̀, bọ́ọ̀lù ń ṣe bó ṣe wù ú, àwọn tó gbá a lórí Steam, ìsọ̀ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, sì bù ú débi pé òun ni wọ́n tò sísàlẹ̀ gbogbo géèmù tó wà níbẹ̀. Konami tọrọ àforíjì. Ẹni tó mọ ohun tí géèmù yẹn jẹ́ fáwọn ọmọ wa mọ̀ pé ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ju géèmù lọ.

A-kó-o-jáde-kó-tó-parí,
A-jẹ́-kí-oníbàárà-fi-dátà-ara-rẹ̀-parí-iṣẹ́.
Síìdì wà nínú páálí, iṣẹ́ kò sí nínú síìdì.
Mo ra géèmù lówùúrọ̀, mo fa gígábáìtì dalẹ́,
owó géèmù lọ́tọ̀, owó dátà lọ́tọ̀, owó epo jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀,
o ní kí n ṣe sùúrù, àtúnṣe ń bọ̀.
CD Projekt ta géèmù Cyberpunk 2077 lóṣù Kejìlá ọdún 2020,
kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Sony fi gbé e kúrò nínú ìsọ̀ wọn.
Wọ́n padà tún un ṣe, mo kí wọn fún ìyẹn.
Ìwọ tó rí i, kí lo rí kọ́? O rí i pé èèyàn á sanwó ná.

Ilé-iṣẹ́ EA ló kàn. Nígbà tí Trip Hawkins dá a sílẹ̀ lọ́dún 1982, páálí géèmù wọn jọ ti àwo orin, wọ́n sì ń gbé orúkọ àwọn tó ṣe é síta bí ẹni tó mọyì iṣẹ́ ọnà. Mo fẹ́ràn ilé-iṣẹ́ yẹn, èyí tó wà nígbà náà. Ní ọdún 2017 wọ́n gbé Star Wars Battlefront II wá. Ẹni tó ti san 60 dọ́là wọlé, ó bá Darth Vader ní àtìpa: kó kó 60,000 kírẹ́dítì jọ kó tó lè fi í ṣeré. Àwọn tó ṣírò rẹ̀ ní ó máa gba nǹkan bíi 40 wákàtí. Wọ́n tún gbé àpótí kalẹ̀ tí ẹni tó ń rà á kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn fi ẹ̀hónú hàn, ilé-iṣẹ́ dá wọn lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn fẹ́ kí wọ́n lè fi ohun tí wọ́n bá rí gbà yangàn ni. Ó lé ní 600,000 ìgbà tí wọ́n tẹ àmì àìfara-mọ́-ọn sí ìdáhùn yẹn, Guinness World Records sì kọ ọ́ sínú ìwé. EA dín iye kírẹ́dítì náà kù, wọ́n sì dáwọ́ títa àpótí dúró kí géèmù tó dé ọwọ́ gbogbo ayé.

Ti FIFA, géèmù bọ́ọ̀lù wọn, ni kò dúró. Lóṣù Kẹrin ọdún 2018, àjọ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní Belgium yẹ àpótí inú FIFA 18 wò, wọ́n ní tẹ́tẹ́ ni. EA janpata títí di oṣù Kìíní ọdún 2019 kí wọ́n tó ṣíwọ́ títa FIFA Points, owó tí à ń fi ra àpótí náà, lórílẹ̀-èdè náà. Lóṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, aṣojú wọn jókòó síwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ìyàlẹ́nu lásán ni ohun tó wà nínú àpótí, kò sì sí àìtọ́ kankan níbẹ̀. Àwa tí a mọ kàlòkàlò lẹ́bàá ọ̀nà, tí a mọ bí owó oúnjẹ ṣe ń wọnú rẹ̀ tí kì í jáde, a ò nílò ìgbìmọ̀ kankan kó tó yé wa.

A-gbé-kàlòkàlò-wọ-yàrá-ọmọdé,
A-ta-Messi-fún-ọmọ-kó-gbé-ẹni-tí-kò-mọ̀-fún-un.
Ọmọ ṣí àpótí, ìmọ́lẹ̀ kọ yẹ̀rì, orin dún,
ẹni tó jáde, ọ̀dọ̀ ọmọ ti kún fún irú rẹ̀.
Ọmọ tún ṣí òmíràn, káàdì báńkì bàbá ló wà nídìí rẹ̀.
Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó fi odidi ọdún kó jọ,
géèmù tuntun dé lóṣù Kẹsàn-án, kò lè kó ẹnìkan dání sọdá.
Òfo ló tún fi bẹ̀rẹ̀, òfo olówó iyebíye.
O pín gaarí pẹ̀lú àjọ FIFA lọ́dún 2023,
o palẹ̀ àwọn géèmù FIFA àtijọ́ mọ́ kúrò nínú ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì,
ẹni tí kò bá rà á tẹ́lẹ̀, ó di kó wá síìdì rẹ̀ kiri.

Tó bá jẹ́ oníbàárà nìkan ló ń jìyà yìí, à bá ní ọ̀rọ̀ owó ni. Àwọn tó ń ṣe géèmù náà kò bọ́. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni Microsoft parí ríra ilé-iṣẹ́ géèmù Activision Blizzard ní bílíọ̀nù 68.7 dọ́là. Lóṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lé 1,900 òṣìṣẹ́ kúrò ní ẹ̀ka géèmù wọn. Lóṣù Karùn-ún wọ́n ní àwọn máa ti Tango Gameworks pa, àwọn ará Tokyo tó ṣe Hi-Fi Rush, géèmù tí gbogbo ìgbésẹ̀ inú rẹ̀ ń bá ìlù rìn, tí ìró rẹ̀ gba ẹ̀bùn The Game Awards lóṣù Kejìlá ọdún 2023. Wọ́n ṣe é, ó dùn, ayé yìn ín, wọ́n sì lé wọn. Krafton ti Kòríà ló wá gbà wọ́n lálejò nígbà tó yá. Ẹ fi èyí wé Satoru Iwata, tó jẹ́ ọ̀gá Nintendo nígbà kan. Nígbà tí ẹ̀rọ Wii U wọn kò tà, ó gé owó oṣù ara rẹ̀ sí ìdajì lọ́dún 2014. Ó ti sọ ọ́ fún àwọn tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ lọ́dún tó ṣáájú pé ẹni tí ẹ̀rù ìlékúrò ń bà kò lè ṣe iṣẹ́ tó máa wú ayé lórí. Oríkì tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ọjọ́ tí mo bá máa kì í, n ó wẹ̀, n ó sì wọ aṣọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ẹ lọ sí Ṣómólú, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti páálí ọjà fún gbogbo Èkó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń ké, ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń to fọ́tò olóògbé sórí páálí ìsìnkú, ó ń mú ojú bàbá náà mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń yọ àbàwọ́n kúrò létí fìlà. Photoshop ló fi ń jẹun. Nígbà kan, ẹni tó bá ra Photoshop ti rà á nìyẹn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, Adobe, tó ni ín, kéde pé ó tán: ẹ̀dà CS6 ti ọdún 2012 ló kẹ́yìn àwọn tí à ń rà lẹ́ẹ̀kan, ìyókù di owó oṣooṣù. Ẹ wá ro ohun tíyẹn jẹ́ fún ẹni tí náírà ló ń gbà. Ní ìparí ọdún 2022 ni àwọn báńkì kan ti dá káàdì náírà dúró fún ọjà ilẹ̀ òkèèrè. Lóṣù Kẹfà ọdún 2023 ìjọba tú náírà sílẹ̀, ó sì já bọ́. Iye dọ́là lè wà lójú kan, kí ìnáwó ọmọ Ṣómólú máa ga sí i. Oṣù tí iṣẹ́ kò bá wọlé, tí kò sì rí owó san, irinṣẹ́ tó fi ń wá owó gan-an ni wọ́n máa tì mọ́ ọn lójú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ pe Adobe lẹ́jọ́, wọ́n ní Adobe fi owó tí oníbàárà máa san bó bá fẹ́ jáwọ́ pamọ́ fún un.

A-yá-agbẹ́gilére-ní-irinṣẹ́-rẹ̀,
A-gba-owó-wíwọlé-gba-owó-jíjáde.
Kó san ọdún mẹ́wàá kó má jẹ ọ́ ní nǹkan kan,
ọjọ́ kan tó bá yẹ̀ ẹ́, ìlẹ̀kùn a sé.

Gbogbo ìtìpa yìí ló ń kóra jọ di ìgbàgbé. Video Game History Foundation ṣe ìwádìí lọ́dún 2023, wọ́n rí i pé nínú géèmù àtijọ́ tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 2010, ìdá 87 nínú 100 ni kò sí lọ́jà mọ́. Àwọn ilé-ìkàwé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn olùṣèwádìí máa lo irú géèmù bẹ́ẹ̀ láti ilé wọn. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ní Amẹ́ríkà kọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù ló sì wà nídìí àtakò náà. Ọjà tí wọn kò tà mọ́, wọn ò fẹ́ kí ẹlòmíràn tọ́jú rẹ̀. Èyí ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Kí wọ́n má sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe. Nígbà tí Velan Studios pa géèmù Knockout City lọ́dún 2023, wọ́n fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní èyí tí wọ́n lè gbé sórí kọ̀ǹpútà ara wọn, kí wọ́n máa bá eré lọ. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni Velan. Ubisoft alára, lẹ́yìn tí ariwo The Crew ti dé gbogbo ibi, ṣèlérí lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 pé The Crew 2 máa ní ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ṣe é láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó fa ìlérí yẹn kò ṣẹ̀yìn àwọn oníbàárà. Ross Scott ló bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Stop Killing Games lóṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún 2025, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn sí àjọ EU.

Atàtúngbà, gbọ́ ohun tí wọ́n ń bèèrè, kó o yé sọ ohun tí wọn ò sọ.
Ẹnìkan ò ní kó o máa san owó iná server títí láé.
Ẹnìkan ò ní kó o má pa á.
Bí ọjọ́ ìpalẹ̀mọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀,
kọ kóòdù ìkẹyìn tí géèmù máa fi ṣí láìbi ọ́ léèrè,
tàbí kó o gbé ètò server náà fún àwọn tó sanwó,
kí wọ́n fi iná ara wọn tàn án, kí wọ́n fi dátà ara wọn gbé e.
Bí o kò bá ní ṣe èyí, tí o kò sì ní ṣe ìyẹn,
tẹ ọjọ́ tó o máa gbà á padà síwájú páálí,
ní lẹ́tà tó tóbi tó ti orúkọ géèmù,
kí n kà á nínú ìsọ̀, kí owó mi ṣì wà lápò.